Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Kúlà Tí Yìnyín Inú Rẹ̀ Kò Ní Tètè Yọ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra kúlà, àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kúlà tí mo kọ́kọ́ fi owó ara mi rà tóbi dáadáa, àwọ̀ aró ni, wọ́n sì ṣe ojú méjì sórí ìdérí rẹ̀ tí èèyàn lè gbé ife lé. A gbé e lọ sí etí odò kan tí a fẹ́ sun alẹ́ méjì. Ní ìdájí ọjọ́ tí a gbéra, mo da yìnyín sí i títí ó fi kún dé ẹnu. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó kan àtàrí, omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ló kù nínú rẹ̀, ẹja tí a kó sí ìsàlẹ̀ sì ti ń rùn. A kó gbogbo rẹ̀ dànù. Nígbà tí a padà délé, mo fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí kúlà yẹn, ó tẹ̀ wọnú. Mo fi ìka kàn án, ó dún bí agolo òfìfo. Kò sí nǹkan kan nínú ìdérí náà ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ, èmi náà kò sì béèrè.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra kúlà mọ̀: kúlà tí kò lo iná kì í mú nǹkan tutù. Yìnyín ló ń mú nǹkan tutù. Iṣẹ́ kúlà kò ju pé kó dí ooru lọ́nà, kó má jẹ́ kó wọlé bá yìnyín. Torí náà, ohunkóhun tí ẹ bá ń yẹ̀ wò lára rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi ara yín: ibo ni ooru máa gbà wọlé?

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka wákàtí kí ẹ tó ka lítà

Kí ẹ tó jáde lọ ra kúlà, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Wákàtí mélòó ni nǹkan gbọ́dọ̀ fi wà ní tútù? Èèyàn mélòó ló máa jẹ, tí wọ́n á sì mu, nínú rẹ̀? Ta ló máa gbé e, báwo sì ni ibi tó ń gbé e lọ ṣe jìnnà tó? Ti àkọ́kọ́ ló wúwo jù. Kúlà tó ṣe wẹ́kú fún àpèjẹ ọ̀sán kan lè já yín kulẹ̀ pátápátá níbi tí ẹ ti fẹ́ sun alẹ́ mẹ́ta, bó ti wù kó tóbi tó.

Lẹ́yìn wákàtí ni ìṣirò lítà kàn. Ká ní èèyàn 10 fẹ́ wà ní ìta láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa mu ìgò omi 2 tó jẹ́ ìdajì lítà. Ìgò 20 nìyẹn, omi inú wọn sì jẹ́ lítà 10. Ṣùgbọ́n ìgò kì í tò mọ́ra bíi bíríkì. Àlàfo máa ń wà láàárín wọn, nítorí náà wọ́n á gba àyè tó tó nǹkan bíi lítà 15. Yìnyín náà á fẹ́ àyè tó tó bẹ́ẹ̀. Kúlà lítà 30 sí 35 ló máa tó wọn. Tó bá jẹ́ alẹ́ 2 tàbí 3 ni, ìmọ̀ràn tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí ìrìn àjò inú igbó sábà máa ń fúnni ni pé kí yìnyín jẹ́ ìlọ́po méjì ẹrù: kí ẹrù gba ìdá kan nínú mẹ́ta kúlà, kí yìnyín gba ìdá méjì tó kù. Ẹ ó rí i pé ẹrù tó kéré gan-an ló ń béèrè kúlà ńlá nígbà tí ọjọ́ bá pọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ra èyí tó ju ìlò yín lọ. Ibi tó bá ṣófo nínú kúlà, afẹ́fẹ́ ló kún ibẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì ṣí i ni afẹ́fẹ́ tútù yẹn máa dà jáde tí èyí tó gbóná á gba ipò rẹ̀. Tó bá di dandan kí ẹ lo kúlà tó ju ẹrù yín lọ, ẹ fi yìnyín kún àlàfo náà. Bí yìnyín kò bá tó, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì tó mọ́, kí ẹ fi dí i. Ní tèmi, kúlà kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ. Màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ohun tí yìnyín ń fara dà

Yìnyín lágbára ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ooru tí yìnyín kìlò 1 ń gbà mọ́ra kó tó yọ́ tán, tí ẹ bá fi ooru yẹn kan náà se omi kìlò 1 tó wà ní 0°C, omi náà máa gbóná dé nǹkan bíi 80°C. Ìdí nìyẹn tí yìnyín díẹ̀ fi lè mú omi púpọ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ìdí yẹn kan náà ni yìnyín fi ń tán láìròtẹ́lẹ̀, torí pé a kì í ka iṣẹ́ tí a gbé fún un.

Ẹ padà sí ìgò 20 yẹn. Ká ní omi inú wọn wà ní 30°C nígbà tí ẹ kó wọn sínú kúlà. Kí lítà 3 nínú omi náà tó lè sọ̀ kalẹ̀ dé 4°C, yìnyín bíi kìlò 1 ti yọ́ sí i. Lítà 10 máa gba kìlò 3 àti díẹ̀. Ẹ kò tíì gbéra nílé, oòrùn kò tíì kan kúlà, kìlò 3 ti lọ. Tí ẹ bá ti fi ìgò wọ̀nyẹn sínú fíríìjì mọ́jú, yìnyín yẹn á wà lọ́wọ́ yín. Kò sí kúlà olówó ńlá tó lè ṣe yín lóore tó ohun kékeré yìí.

Ìrísí yìnyín náà ní ohun tó ń ṣe. Ẹ fojú inú wo òkúta yìnyín kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Ìta ara rẹ̀ tí ooru lè fọwọ́ kàn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 600. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ onísẹ̀ǹtímítà 2: ó di ègé 125, ìta ara wọn lápapọ̀ sì di 3,000. Yìnyín kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú tí ooru fi ń bá a ti di ìlọ́po márùn-ún. Nítorí náà, wẹ́wẹ́ ló ń tètè mú nǹkan tutù, òkúta ńlá ló ń pẹ́. Fún àpèjẹ ọjọ́ kan, wẹ́wẹ́ tó. Fún ọjọ́ púpọ̀, òkúta ńlá ni kó wà nísàlẹ̀, kí wẹ́wẹ́ díẹ̀ wà lókè láti dí àlàfo.

Ẹ lè ṣe òkúta yìnyín tiyín. Ẹ bu omi sínú ike omi tàbí abọ́ ike, kí ẹ fi sí fírísà fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Ẹ má bu ún kún o: omi máa ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 wú tó bá dì, yóò sì bẹ́ ike náà. Èmi fẹ́ràn ike omi ju abọ́ lọ, nítorí pé nígbà tó bá yọ́, omi náà kò tú sínú kúlà, a sì lè mu ún.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mú irú kúlà tó bá ìrìn yín mu

Èyí tí wọ́n fi fóòmù funfun ṣe ló fúyẹ́ jù, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Ẹ má fojú di í. Afẹ́fẹ́ tó há sínú fóòmù yẹn ń dí ooru dáadáa, mo sì ti rí èyí tó gbé yìnyín láti àárọ̀ di alẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń fọ́. Ẹni kan á jókòó lé e, tàbí kí etí rẹ̀ kán nínú ọkọ̀, ó parí nìyẹn, gbogbo ilẹ̀ á sì kún fún ẹ̀rún funfun tí kì í jẹrà. Tí ẹ bá máa lò ó, ẹ gbé e sínú páálí tó gbà á ṣinṣin, kí ẹ sì kó o padà délé.

Báàgì kúlà, ìyẹn aláṣọ tó ní síìpù, wà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́. Wákàtí díẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán èèyàn méjì tàbí mẹ́ta. Síìpù ni ẹ óò yẹ̀ wò níbẹ̀. Tí ẹ bá ti délé, ẹ bu omi sí i, ẹ pa á dé, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ nínú báálùwẹ̀. Ibi tí omi bá ti ń kán, ibẹ̀ náà ni òtútù ń gbà jáde.

Kúlà oníke líle tó ní fóòmù láàárín ògiri rẹ̀ ló bá ọ̀pọ̀ ìdílé mu. Inú irú yìí náà ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù, nítorí pé èyí tó dára àti èyí tí kò dára jọra wọn lójú. Orí rẹ̀ ni ìgbésẹ̀ tó kàn máa dá lé.

Irú kẹrin ni èyí tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí wọ́n ń yọ́ ìyẹ̀fun ike nínú ẹ̀rọ tó ń yí títí tí ara rẹ̀ fi di odindi kan tí kò ní ojú ìsopọ̀. Irú yìí lókìkí lẹ́yìn tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Roy àti Ryan Seiders, dá YETI sílẹ̀ ní Texas ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006. Apẹja ni wọ́n, wọ́n máa ń dúró lórí kúlà nínú ọkọ̀ ojú omi, ìdérí kúlà tí wọ́n ń rà nígbà náà kò sì gbà wọ́n dúró. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìdérí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló ń ṣe irú rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ń lọ sí ibi tí kò ti ní rí yìnyín rà fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Fún ẹni tó jẹ́ pé àpèjẹ ẹ̀yìnkùlé ló ń ṣe, owó àti ìwúwo lásán ni, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn láti rà á.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú ìwé pẹlẹbẹ kan àti téèpù ìdíwọ̀n dání. Ẹ má tijú, ẹni tó fẹ́ tà á á dúró dè yín.

Ìdérí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ lókè, kí ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà. Tó bá ń tẹ̀ wọnú, tó sì ń padà bọ̀ sípò, ó ṣófo nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi eegun ìka kan ògiri kúlà, kí ẹ tún fi kan ìdérí. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọra: ohùn tó dí, tí kò dún gbáú. Ọ̀pọ̀ kúlà ló ní fóòmù lára ògiri tí kò ní nínú ìdérí, oòrùn ọ̀sán sì rèé, orí ìdérí yẹn gan-an ló ń pa sí.

Tí ẹ bá ti ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má sọ ọ́ nù. Èmi tún tèmi ṣe. Mo lu ihò kéékèèké mẹ́fà sí inú ìdérí náà, ní apá tó dojú kọ yìnyín, mo fi fóòmù tó ń wú, èyí tó máa ń wà nínú agolo tí wọ́n fi ń dí àlàfo ẹnu fèrèsé, fún un sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo wí. Lẹ́yìn ihò méjì, mo dúró fún wákàtí kan kí ó wú tán kí n tó ṣe òmíràn, nítorí tí èèyàn bá fún un púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdérí á wú bí ikùn, kò sì ní pa dé mọ́. Nígbà tó gbẹ, mo gé èyí tó yọ síta, mo fi gọ́ọ̀mù dí ojú ihò. Kúlà yẹn ṣì ń bá mi jáde títí di òní.

Lẹ́yìn ìdérí ni ògiri. A kì í fojú wo ìnípọn rẹ̀, wíwọ̀n là ń wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti ìta, kí ẹ wọn fífẹ̀ inú rẹ̀, ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní, kí ẹ wá pín in sí méjì. Tí ìta bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 tí inú sì jẹ́ 33, ògiri kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.5. Bí ìnípọn fóòmù bá di ìlọ́po méjì, ooru tó ń gba ibẹ̀ wọlé á dín kù fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Nítorí náà, ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Fún ọjọ́ kan, 2.5 tó. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wá èyí tó tó 5. Irú fóòmù náà ṣe pàtàkì: polyurethane ń dí ooru ju fóòmù funfun tó nípọn bíi tirẹ̀ lọ. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀. Ẹ rántí pé ògiri tó nípọn ń jẹ àyè inú. Kúlà méjì lè rí bákan náà lóde, kí ọ̀kan gba lítà 45, kí èkejì má ju 30 lọ. Lítà tí wọ́n kọ ni kí ẹ wò, kì í ṣe bó ṣe rí lójú.

Ẹnu rẹ̀ ló kàn. Ẹ gbé ìwé pẹlẹbẹ yẹn sí etí kúlà, kí ìdajì rẹ̀ wà níta, ẹ pa ìdérí dé, kí ẹ fa ìwé náà. Tó bá ń fà yọ wọ́ọ́rọ́, ẹnu kò dí níbẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ní igun rẹ̀, torí igun ló sábà máa ń ṣí sílẹ̀. Kúlà tó ní rọ́bà yí ẹnu rẹ̀ ká ló máa ń di ìwé mú jù. Ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ lè fi dán èyí tó wà nílé wò: ẹ tan iná fóònù, ẹ gbé e sínú rẹ̀, ẹ pa á dé nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ooru á bá ibẹ̀ wọlé.

Ẹ wo ibi tí ìdérí ti so mọ́ ara kúlà. Ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló so ó mọ́ra, ẹ ṣí i kí ẹ tún pa á dé léraléra, kí ẹ wò bóyá ó ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó ní irin gbọọrọ tó gba inú rẹ̀ kọjá láti òpin kan dé èkejì ń pẹ́ jù. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta ohun èèlò rẹ̀ lọ́tọ̀. Kúlà tí èèyàn lè ra ìkọ́ àti rọ́bà tuntun fún lè lo ọdún mẹ́wàá.

Ihò tí omi ń gbà jáde gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, kó sì fẹ̀ tó láti gba ìka ńlá wọlé. Kí ìdérí kékeré rẹ̀ ní okùn tó so ó mọ́ ara kúlà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó wá a tì lọ́jọ́ kan.

Ẹ fi imú sí inú rẹ̀ kí ẹ gbóòórùn. Ike tó ń rùn ní ṣọ́ọ̀bù á máa rùn lára oúnjẹ. Funfun tàbí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sàn ju dúdú lọ nínú oòrùn.

Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára kúlà mìíràn pé ó ń gbé yìnyín fún ọjọ́ 5, ọjọ́ 7. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa o, ṣùgbọ́n yìnyín nìkan ni wọ́n sábà máa ń kó sínú rẹ̀ dé ẹnu nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí i. Tiyín ní ìgò, ó ní ẹran, ó ní àwọn ọmọ tó ń ṣí i wò. Mo máa ń pín ọjọ́ tí wọ́n kọ sí méjì, tí ibi tí mò ń lọ bá gbóná gan-an, mo máa ń pín in sí mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gbé e kí ẹ tó gbà á

Kúlà olófìfo kì í wúwo lójú. Kúlà lítà 45 tí ògiri rẹ̀ nípọn lè tó kìlò 10 lófìfo. Ẹ kó yìnyín àti ohun mímu sí i, ó lè ju kìlò 40 lọ. Ẹnì kan kò lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeré bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni méjì ló máa gbé e, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó láti gba ìka mẹ́rin wọlé, kó má sì ní etí tó ń géni. Tó bá ní táyà, táyà ńlá ló ń rìn lórí iyanrìn àti koríko. Kékeré líle á rì, ẹ ó sì máa wọ́ ọ bí igi. Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò níbi tí táyà ti wọlé: wọ́n sábà máa ń gé ògiri ibẹ̀ kí táyà lè ráyè.

Èyí tó ń lo iná ńkọ́?

Oríṣi méjì ló wà, wọn kò sì jọra rárá bí wọ́n tilẹ̀ ń lo ihò iná kan náà nínú ọkọ̀. Èkíní kò ní kọ̀ḿpírẹ́sọ̀. Iná ló ń gba inú àwo pẹlẹbẹ kan kọjá, ojú kan á tutù, ojú kejì á gbóná, fáànù á sì fẹ́ ooru náà síta. Ohun tó lè ṣe kò ju pé kó fi nǹkan bíi 15 sí 20°C tutù ju ìta lọ. Tí ìta bá jẹ́ 38°C, ìyẹn túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi 20°C. Ẹran á bàjẹ́ níbẹ̀. Èkejì ní kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ bíi ti fíríìjì ilé, òmíràn lè mú omi dì, owó rẹ̀ sì ga.

Ẹ ṣọ́ bátìrì ọkọ̀ yín. Èyí tó ń jẹ wáàtì 50 ń fa iná ju ampere 4 lọ lára bátìrì oní-12 volt. Láàárín wákàtí 10, ó ti fa ohun tó ju ampere-wákàtí 40 lọ nínú bátìrì tó jẹ́ ampere-wákàtí 60 nígbà tó kún. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ mọ́jú láìtan ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ lè má ṣíná láàárọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ẹ ṣe máa dì í

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ gbé kúlà wọlé kúrò níbi tó gbóná. Ẹ kó ike omi dídì méjì tàbí mẹ́ta sínú rẹ̀, kí ẹ pa á dé. Ògiri rẹ̀ náà ní ooru lára, tí ẹ kò bá sì kọ́kọ́ mú un tutù, yìnyín tí ẹ rà láàárọ̀ ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ohun tí ẹ máa lò gbẹ̀yìn ni kó wà nísàlẹ̀, lórí òkúta yìnyín. Ẹran àti ẹja gbọ́dọ̀ wà nínú ike tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ wọn má bàa kán sí nǹkan mìíràn. Tí ẹ bá sì lè mú wọn dì ṣáájú, àwọn fúnra wọn á di yìnyín. Ẹ da wẹ́wẹ́ sí àlàfo àárín wọn, kí ẹ fi tó kù bo orí, torí pé afẹ́fẹ́ tútù ń sọ̀ kalẹ̀ ni, kì í gòkè.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn kúlà méjì rèé. Kúlà ohun mímu ni gbogbo èèyàn ń ṣí. Ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan níbi àpèjẹ, ẹ ó rí ọmọdé kan tó ṣí i, tó dúró, tó ń yan àwọ̀ tó wù ú, ìdérí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tí ẹran bá wà nínú kúlà yẹn kan náà, òun ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohun mímu ní tirẹ̀, kí oúnjẹ ní tirẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo láṣẹ láti ṣí.

Ṣé kí ẹ máa da omi tó yọ́ nù? Nínú kúlà ohun mímu, ẹ fi sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá ṣì wà nínú omi yẹn, òun náà tutù bíi yìnyín, ó sì ń yí ìgò ká délẹ̀délẹ̀ ju bí yìnyín nìkan ṣe lè ṣe lọ. Tí ẹ bá dà á nù, afẹ́fẹ́ ni ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ da yìnyín tuntun sí i ni kí ẹ dà á. Nínú kúlà oúnjẹ, ẹ dà á nù kó má bàa wọnú oúnjẹ. Bí ohun mímu bá gbóná tí àlejò sì ti dé, ẹ bu yìnyín, omi àti iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ti ìgò bọ inú rẹ̀. Iyọ̀ máa ń jẹ́ kó tutù ju 0°C lọ, ṣùgbọ́n yìnyín yẹn á tètè tán, nítorí náà ẹ má ṣe é nínú kúlà.

Ẹ gbé kúlà sábẹ́ ibòji, kí ẹ sì máa gbé e tẹ̀ lé ibòji bí oòrùn ṣe ń yí. Ẹ fi pákó méjì gbé e kúrò lórí ilẹ̀ gbígbóná. Aṣọ funfun tó tutù tí ẹ bá tẹ́ sórí rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ á ràn án lọ́wọ́. Búùtù ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn ni ibi tó burú jù láti fi í sí.

Fún oúnjẹ tó lè bàjẹ́, ẹ fi tẹ́mómítà kékeré kan sínú kúlà. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà là á sílẹ̀ pé kí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ má ju nǹkan bíi 4°C lọ, pé tó bá ti wà níbi tó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí 2, ẹ dà á nù. Tí ojú ọjọ́ bá ju 32°C lọ, wákàtí 1 péré ni. Ẹ má fi ahọ́n tọ́ ọ wò láti mọ̀, torí oúnjẹ tó lè ṣeni léṣe lè má yí adùn padà rárá.

Àwọn ibi tí ewu wà

Ọmọdé lè kó sínú kúlà ńlá láti sápamọ́. Tí ìkọ́ rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó ń ti ara rẹ̀ tí ìdérí bá bọ́ lulẹ̀, ọmọ náà kò ní lè ṣí i láti inú, afẹ́fẹ́ á sì tán níbẹ̀. Ẹ má ra irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ tí ọmọ bá wà nílé.

Yìnyín gbígbẹ, tó jẹ́ carbon dioxide tó dì, tutù dé −78.5°C. Ó ń jó ara bí iná, nítorí náà ìbọ̀wọ́ tó nípọn ni ẹ ó fi mú un. Kì í di omi, afẹ́fẹ́ ló ń dà, afẹ́fẹ́ yẹn sì lè fọ́ kúlà tó bá dí pinpin, tàbí kó kún inú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ tì, kó sì pa èèyàn. Ẹ bi ẹni tó ṣe kúlà náà bóyá ó gbà á, ẹ fi ihò omi rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ sì ṣí fèrèsé ọkọ̀.

Oògùn bí insulin kò gbọ́dọ̀ dì, kò sì gbọ́dọ̀ fara kan yìnyín. Ìwọ̀n òtútù tó ń fẹ́ ni 2 sí 8°C. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ fi sínú ike tirẹ̀ lókè pátápátá.

Nígbà tí ẹ bá padà délé

Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré fún abẹ́ rọ́bà ẹnu rẹ̀ àti inú ihò omi, torí ibẹ̀ ni èérí dúdú máa ń sápamọ́ sí. Tí ẹ̀jẹ̀ ẹran bá ti dà sí i, ẹ po bílíìṣì ṣíbí ńlá 1 mọ́ omi bíi lítà 4, ẹ fi nù ún, kí ẹ tún fi omi lásán ṣan án. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ nǹkan ìfọṣọ mìíràn. Tí òórùn kò bá lọ, ẹ po ṣódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi, ẹ fi pa inú rẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú.

Lẹ́yìn náà, ẹ sá a níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí tó fi gbẹ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́, ẹ má ti ìkọ́ rẹ̀. Ẹ ká aṣọ kékeré kan, kí ẹ fi há àárín ìdérí àti ẹnu rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, kí rọ́bà náà má sì tẹ̀ mọ́ra kó tó di ọjọ́ tí ẹ tún máa lò ó.